Ilé Tí Ó Di Ahoro Kì í Ṣe Ilé Tí Kò Ní Olúwa

Kò sí ẹni tí ó rìn já àárín ìgboro Ìlaròó tàbí Aiyétòrò tí kò ní rí wọn: àwọn ilé amọ̀ tí òjò ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri wọn, àti àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó àti owó obì kọ́, tí páànù orí wọn ti dípẹtà, tí fèrèsé wọn sì ti di ọ̀nà àdán. Ìtàkùn ti gun òrùlé. Ẹ̀yìnkùlé ti di ààtàn. Lára ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti ń rí gbólóhùn kan tí a fi ọ̀dà kọ gàdàgbà pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Nígbà mìíràn, ọ̀dà yẹn nìkan ni ohun tuntun tí ọwọ́ ẹbí ti fi kan ilé náà láti ogún ọdún wá.

Ní àkókò kan náà, àwọn ènìyàn ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Láti ìgbà tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìlaròó ní ọdún 1979, àti láti ìgbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ti wà ní Aiyétòrò, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, olùkọ́ ń wá ilé, oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá ìsọ̀. Kí ni a ń ṣe sí i? A ń kọ́ ilé tuntun jáde lọ sí ojú oko, a ń gba ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa bọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó ti ní kànga, tí ó ti ní ọ̀nà, tí ó súnmọ́ ọjà tí ó sì súnmọ́ ààfin, ń di igbó. Ìlú wa ń gbòòrò ní etí, ó sì ń kú ní àárín. Ògiri tí kò ní olùtọ́jú kò sì mọ ẹni tí yóò wó lù. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, bí ó ti ń gba ejò ni ó ń gba olè.

Nítorí náà ni inú wa fi dùn láti gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń pè ní báńkì ilẹ̀, pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá a sílẹ̀ láti gba irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì dá a padà sí ìlò. Báńkì yìí kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú owó sí. Ilé àti ilẹ̀ tí a ti pa tì ni ó ń tọ́jú. Àwa pẹ̀lú fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní láti bá ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin olórí ẹbí sọ kí a tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ èyíkéyìí: bí báńkì náà bá jẹ́ olùtọ́jú, yóò gbé ìlú wa dìde, bí ó bá jẹ́ olúwa, yóò fọ́ ilé wa. Ìdógò ni kí ó gbà, kì í ṣe ìkógun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ètò náà ti wá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ìlú St. Louis ni ó sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1971. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni ti ẹkùn Genesee ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí ìlú Flint wà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ni ó gbé ìlú yẹn ró. Ní ọdún 1960 àwọn olùgbé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 197,000. Nígbà tí iṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn lọ, títí tí ó fi jẹ́ pé ní ìkànìyàn ọdún 2020, 81,252 ni ó kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ó dá páro. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1999 mú kí ilé tí a kò san owó-orí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Òfin ọdún 2003 sì fi àṣẹ sí báńkì ilẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Báńkì náà wó èyí tí kò ṣeé tún ṣe, ó tún èyí tí ó ṣeé tún ṣe ṣe, ó ta àlàfo ilẹ̀ fún aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní owó díẹ̀ kí wọn máa gé koríko. Iṣẹ́ rere ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí orí ohun tí a gbé e kà: owó-orí tí a kò san. Níbẹ̀, gbèsè ìjọba ni ó ń sọ ilé ènìyàn di ti ìjọba. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn sì ti rí ewu inú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ìjọba ẹkùn kan gba ilé ìyá arúgbó kan nítorí gbèsè owó-orí tí èlé àti owó ìtanràn ti sọ di nǹkan bí 15,000 dọ́là. A ta ilé náà ní 40,000 dọ́là, ìjọba sì kó gbogbo rẹ̀ sápò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìyá náà ti di ẹni ọdún 94, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fi ohùn kan dájọ́ pé ìjọba lè gba gbèsè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ohun tí ó ju gbèsè lọ. Èlé orí ilé náà, ti onílé ni. Bí orílẹ̀-èdè tí ó bí ètò náà bá ti ń fi òfin dè é báyìí, kí ni àwa yóò ṣe ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ilé kan lè ní ọgọ́rin olúwa, tí àádọ́rin nínú wọn kò sí nílé?

Nítorí ìdí tí ilé fi ń wó ní Flint kọ́ ni ó fi ń wó ní Ìlaròó. Ní Flint, onílé lọ nítorí pé ilé rẹ̀ kò níye lórí mọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé níye lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni kan tí ó tó ó dá mú. Nígbà tí bàbá kú láìsí ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé tí a dá ní Èkó ní ọdún 1908 ni àwọn ilé-ẹjọ́ ti ń fìdí àṣà wa yìí múlẹ̀, pé gbogbo ọmọ ni ó ni ín, àti ọkùnrin àti obìnrin. Olórí ẹbí kò lè dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹ̀ka. Àwọn ẹ̀ka kò lè tà á láìsí olórí ẹbí. Gbogbo èyí dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ọmọ onínàákúnàá. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní apá kejì tí a kì í sábà sọ: ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ta ni yóò wá ná owó rẹ̀ sí i? Ọmọ tí ó wà ní Èkó ń wo èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo èyí tí ó wà nílé, èyí tí ó wà nílé kò ní owó páànù kan. Òjò kò sì ń wo ẹnikẹ́ni.

A kò sọ pé kí a jáwọ́ nínú àṣà ilé ẹbí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1912 láti wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Ódògbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó dá wọn lóhùn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àìlóǹkà sì wà tí a kò tíì bí. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ìpìlẹ̀ fún àwọn amòfin wa. Ní ọdún 1921, nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, gbé ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ náà gbà pé ilẹ̀ tí ìjọba gbà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Wọ́n ní kí a san owó rẹ̀ bí ẹni pé ẹni tí ó ni ín pátápátá ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa fi ọkọ̀ ojú omi lọ jà fún ní Lọ́ńdọ̀nù, kò yẹ kí àwa fi ọwọ́ ara wa jọ̀wọ́ rẹ̀ fún káńsù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "pa tì" dáradára, nítorí inú rẹ̀ ni ewu wà. Ta ni yóò sọ pé a ti pa ilé kan tì? Àwa ará Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí a gbàgbé ohun tí ojú àwọn ìlú wa rí ní ìgbà ogun Dàhòmì. Ní ọdún 1886 ni ogun náà fọ́ Kétu, ìlú ìbátan wa tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ní ọdún 1889 wá yà kúrò lọ́dọ̀ wa. A kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, ìlú sì di ahoro. Nígbà tí agbára Dàhòmì wó, àwọn tí ó kù padà wá, wọ́n sì tún ìlú wọn tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1893 sí 1894. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọdún 1887 ni ẹnìkan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé Kétu kò ní olúwa mọ́, ibo ni wọn ì bá padà sí? Nínú èdè wa, ahoro kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ibi tí àwọn olúwa rẹ̀ kò tíì padà dé ni.

A kò sì ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ààlà pa. A kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Òwò tí ó ń gba ibodè lọ dúró. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n gbára lé e kò lè dúró máa wo ojú ọ̀run. Ẹni tí ó rí ibòmíràn lọ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó sì lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Bí òfin kan bá wà nígbà náà tí ó sọ pé ilé tí a tì fún ọdún méjì ti di ti káńsù, ìjọba kan náà tí ó lé oníṣòwò kúrò ni ì bá tún gba ìsọ̀ rẹ̀. Ọdún tí ilé fi ṣófo kò tó láti fi dá onílé lẹ́jọ́. A ní láti béèrè ohun tí ó sọ ọ́ di òfo.

Orílẹ̀-èdè wa ti rí ọ̀nà méjèèjì tí a lè gbà bójú tó ilé ẹni tí kò sí nílé. Nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, ọ̀pọ̀ Ígbò sá fi ilé wọn sílẹ̀ ní àwọn ìlú tí kì í ṣe tiwọn. Ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba ṣe òfin kan ní ọdún 1969 tí ó kó irú ilé bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àjọ kan, ó sì pè é ní ohun ìní tí a kọ̀ sílẹ̀. Ní Port Harcourt, ọ̀pọ̀ onílé padà dé tí wọn kò rí ilé wọn gbà mọ́. Ọgbẹ́ ọ̀ràn náà kò tíì jinná tán títí di òní. Ní Èkó àti ní Kánò, ọ̀pọ̀ ni ó padà bá ilé wọn, àwọn mìíràn sì bá owó ilé tí a ti ń bá wọn gbà pamọ́. Ogun kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé níhìn-ín a ka ilé sí ìkógun, lọ́hùn-ún a ka ilé sí ohun ìfipamọ́.

Àtúnṣe ìlú pàápàá lè di ìpadánù, bí a kò bá ṣọ́ra. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti jà ní Èkó, láti máa tún ìlú ṣe. Láti ọdún 1955 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé jákujàku ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. A ṣèlérí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè padà wá ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a ń béèrè lórí ilẹ̀ tí a ti tún ṣe ga ju ohun tí a san fún ọ̀pọ̀ wọn lọ. Àwọn tí ó padà kò tó nǹkan, ẹbí tí ń gbé agbo ilé kan sì fọ́n káàkiri. Ilé tí a tún ṣe tí onílé kò lè wọ̀ mọ́, fún ta ni a tún un ṣe?

Ọ̀nà wo ni ó wá kù? Àwọn baba wa ti là á sílẹ̀. Nígbà tí àìní bá dé bá àgbẹ̀, kì í ta oko kòkó rẹ̀. Ó ń fi í dógò ni. Ẹni tí ó gba ìdógò yóò máa ro oko náà, yóò máa ká èso rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní di onílẹ̀ láé. Kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò dúró pẹ́ síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbin obì ti ń wá ọ̀nà àtijókòó. Bí ó tilẹ̀ pé àádọ́ta ọdún, bí ẹni tí ó fi dógò àti ẹni tí ó gbà á bá ti kú, ọmọ ẹni ìṣáájú lè mú owó lọ bá ọmọ ẹni ìkejì, kí ó sì gba oko bàbá rẹ̀. Ìdógò kì í gbó títí kí ó di ọjà. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa mọ òfin yìí, wọ́n sì ń tẹ̀lé e.

Orí òfin yìí ni kí a gbé báńkì ilẹ̀ tiwa kà. Kí ẹbí fi ilé dógò fún báńkì, kì í ṣe nítorí owó tí wọn gbà, bí kò ṣe nítorí àtúnṣe tí báńkì yóò ṣe. Báńkì yóò rán bíríkìlà àti káfíńtà sí i, yóò fi ayálégbé sí i, yóò sì máa gba owó ilé títí àtúnṣe yóò fi san ara rẹ̀. Ní ibi kan ni kí ìdógò tuntun yìí fi sàn ju ti àtijọ́. Ní àtijọ́, èso oko kì í dín gbèsè kù. Ẹni tí ó gbà á ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, owó ilé ni yóò máa jẹ gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Ká ní ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, tí àtúnṣe rẹ̀ ná báńkì ní ₦3,500,000. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦100,000 wá lọ́dún, ₦800,000 ni lọ́dún. Kí a mú ₦100,000 kúrò fún ìtọ́jú ilé àti iṣẹ́ akọ̀wé, ₦700,000 ni yóò máa lọ sórí gbèsè. Ní ọdún márùn-ún gbèsè tán, ilé padà sọ́wọ́ ẹbí pẹ̀lú òrùlé tuntun. Bí ọmọ ilé kan bá dé láti òkè òkun ní òpin ọdún kẹta, tí ẹbí sì fẹ́ gba ilé wọn, ₦1,400,000 ni wọn yóò san, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò náà lè yí padà bí ọjà ti ń yí, ṣùgbọ́n kí ọ̀nà rẹ̀ má ṣe yí.

Kí ètò yìí má bàa di ọ̀nà ìfiṣèjẹ, àwọn ohun wọ̀nyí ni a rò pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú òfin tí yóò dá a sílẹ̀.

Èkíní, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ní. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi fífún ojú ọ̀nà ní orúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé sí abẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọn ṣe iṣẹ́ náà, kí wọn sì kọ orúkọ ẹbí tí ó ni ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ojú baálé àti àwọn aládùúgbò.

Èkejì, kí a kéde ilé tí a bá fẹ́ gbà fún odidi ọdún kan: ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí rédíò, àti ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú ní Èkó àti ní òkè òkun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí kò gbọ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Ẹ̀kẹta, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí fi ọwọ́ sí ìwé ìdógò, kí a má sì yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Bí ẹbí bá ń jà, kí ìgbìmọ̀ ọba àti àwọn àgbà là wọ́n níjà. Bí ìjà kò bá tán, kí ilé-ẹjọ́ yan olùtọ́jú sí i títí ìjà yóò fi tán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́; kí báńkì má ṣe jẹ́ aláǹgbá náà.

Ẹ̀kẹrin, kí báńkì má ní agbára láti ta ilé ẹbí rárá. Kí ẹnikẹ́ni tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe kánsẹ́lọ̀, ìbáà ṣe ìjòyè, má sì lè yá ilé kan nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀. Kí ìwé owó rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹbí láti yẹ̀ wò ní gbogbo oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀karùn-ún, ilé tí ó ti wó tán, tí ó sì jẹ́ ewu, kí a palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí aládùúgbò lè gbin ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ náà wà ní orúkọ ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má sì gbin obì tàbí ọ̀pẹ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá òfin ilẹ̀ yìí gbà wá láyè. Ó gbà wá láyè. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro tí gómìnà kéde sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi ti ìgboro sí abẹ́ gómìnà. Nítorí náà, níbi tí ìlú wa bá ti bọ́ sí abẹ́ ìkéde bẹ́ẹ̀, ìfọwọ́sí ìpínlẹ̀ ni a ó wá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹ̀tọ́ olóògbé sí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣà yóò lọ sí ọwọ́ àwọn àrólé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa sì ti sọ léraléra pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi orúkọ àǹfààní ará ìlú gba ilẹ̀ ẹnìkan kí ó sì gbé e fún ẹlòmíràn fún èrè ara rẹ̀. Ní ti owó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, kò yẹ kí káńsù tún wí fún wa pé ìpínlẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun ṣe é.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan yóò sọ: pé ilé ẹbí gan-an ni àrùn ìlú, kí a tà á, kí olówó kọ́ ọ, kí ìlú lè dára. A dá wọn lóhùn pé ìlú lè dára kí ó má sì jẹ́ tiwa mọ́. Ẹni tí ó ta ilé bàbá rẹ̀ lónìí yóò pín owó náà fún ogójì ènìyàn, kò sì ní sí ẹnìkan nínú wọn tí ìpín rẹ̀ yóò ra ilẹ̀ ní ìlú yẹn láé.

A sì mọ ohun tí àwọn ìjòyè kan yóò sọ: pé isà òkú àwọn bàbá wa wà nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, a kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n a béèrè pẹ̀lú ìtẹríba pé, ẹ̀yin bàbá wa, èwo ni ó bu ọlá fún òkú jù: yàrá tí a gbá, tí iná ń jó nínú rẹ̀, tàbí ààtàn tí ewúrẹ́ ń sùn lé? Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹni tí ó jẹ́ kí ilé bàbá rẹ̀ di àkìtàn ti fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀, bí kò tilẹ̀ na ìka.

Àwọn kan yóò sì sọ pé a kò lè fi ọkàn tán ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí ó má lè tà, kí ó má lè jogún, kí ó má sì lè pa ìwé rẹ̀ mọ́. Kí ó sì ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó pa ohun ìní tì jù lọ. Ẹ wo ojú irin tí ó yà láti Ifọ̀ wá sí Ìlaròó, tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ rántí àwọn ilé ìkójà tí ó ṣófo káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí ìjọba ti tú àwọn àjọ tí ń ra kòkó ká ní ọdún 1986. Kí káńsù kọ́kọ́ tún ilé kan tí ó jẹ́ ti ìjọba ṣe, kí ó fi ayálégbé sí i, kí ó sì fi ìwé owó rẹ̀ hàn wá. Nígbà náà ni yóò lẹ́nu láti wá bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ káńsù nìkan. Ẹ̀yin ọba wa, ọ̀rọ̀ yín ni àwọn ẹbí yóò gbọ́ kí wọn tó gbọ́ ti akọ̀wé èyíkéyìí. Ẹ pe àwọn olórí ẹbí jọ ní ààfin, kí olúkúlùkù wá sọ iye ilé tí ó dá páro ní agbo ilé rẹ̀, àti ibi tí àwọn ọmọ ilé náà wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní Èkó àti ní ìlú òkèèrè, nígbà tí ẹ bá wálé fún ìsìnkú tàbí ìwúyè, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀ kí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé. Owó tí a ná lórí aṣọ ẹbí ìsìnkú kan lè tó láti fi páànù bo ilé tí òkú náà kọ́.

A ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa àti Gúúsù Yewa, ti Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n, ti Ìpókíá àti ti Adó-Odò àti Ọ̀tà, pé kí wọn gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò ní ìjókòó wọn, kí wọn sì pe àwọn ọba, àwọn ìyálọ́jà, àwọn amòfin àti àwọn awọnlẹ̀ sí i kí a tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Kí wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé mẹ́wàá péré ní ìlú kan. Bí mẹ́wàá náà bá padà sọ́wọ́ ẹbí wọn ní àlàáfíà, kò ní sí ẹni tí a ó tún bẹ̀ kí ó tó mú ilé tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá di ti ọmọ kánsẹ́lọ̀, ọ̀dà ni a ó tún máa rí lára ògiri jákèjádò ilẹ̀ Yewa, ẹ̀tọ́ ni yóò sì jẹ́ fún àwọn tí ó kọ ọ́.